Òkúta Ẹ̀yìn Òkè

"Tún un ṣe."

Apòṣé gbé ojú kúrò lára òṣùwọ̀n. Kò kọ́kọ́ gbà pé òun gbọ́ dáadáa. Láti àárọ̀ ló ti ń jọ òkúta wẹ́wẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wọ̀n ọ́n, eruku sì ti wọ̀ ọ́ nímú débi pé bó bá sín, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n já àpò sìmẹ́ńtì.

"Ọ̀gá, kí ni mo tún ṣe báyìí?"

"Ọwọ́ lo fi ń gbá asẹ́. A kì í gbá asẹ́ kí òkúta lè tètè kọjá. Mímì là ń mì ín. Èyí tí kò bá kọjá, fi í sílẹ̀, ó nídìí tí kò fi kọjá. Tún un ṣe."

"Ọ̀gá, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó ẹyọ ìrẹsì mẹ́ta."

"Mo mọ̀. Tún un ṣe."

Ọmọbìnrin náà pòṣé. Ó da òkúta padà sínú abọ́ pẹ̀lú ariwo tó lè jí òkú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Orúkọ àlàjẹ́ ni Apòṣé. Ilé ni wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì bá a dé ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí kò lè pòṣé sí. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń sọ pé bí òun bá ní kó mú abẹ́rẹ́ wá, pòṣé ni yóò kọ́kọ́ dé, abẹ́rẹ́ á tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, ó ń jẹ́ ẹ. Ohun tí kò lè fara dà ni kí wọ́n ní kó tún ohun tó ti ṣe ṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe gan-an ni wọ́n sì rán an lọ. Lọ́dún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama wọn, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú ìsinmi kọ́ṣẹ́ níbì kan, máàkì tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ á sì wọnú ìdánwò àṣekágbá wọn. Gègé ni wọ́n ṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín mú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò. Ẹlòmíràn mú ilé iṣẹ́ rédíò. Apòṣé tú bébà tirẹ̀, ó bá "yàrá àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé" níbẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ ṣàlàyé pé òkúta ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé òkúta ni bàbá rẹ̀ ń fọ́ jẹun.

"Ó ń sá fún eruku nílé," Ẹlẹ́rìn-ín wí, "eruku ti ṣáájú ẹ̀ débi iṣẹ́."

Yàrá àyẹ̀wò náà kò tóbi ju yàrá ìkàwé kan lọ. Asẹ́ irin kún ara ògiri kan, láti orí olójú ńlá títí dé orí èyí tí ojú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ààrò oníná mànàmáná kan wà tí wọ́n fi ń gbẹ òkúta, ó ń kùn lọ́jọ́ gbogbo bí arúgbó tí wọ́n gba ìjókòó rẹ̀. Ní igun yàrá ni ẹ̀rọ tí Apòṣé kórìíra jù dúró sí: ife irin kan nísàlẹ̀, òòlù kan lókè láàárín ọ̀pá méjì, tó wúwo tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọn á da òkúta tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti gbẹ, tí wọ́n ti jọ̀ sínú ife náà, wọn á gbé òòlù sókè, wọn á jẹ́ kó já lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ni wọn á jọ̀ ọ́, wọn á sì wọn ìyẹ̀fun tó jáde. Bí ìyẹ̀fun náà bá ti pọ̀ tó ni òkúta náà ṣe rọ̀ tó. Bí kò bá ju ọgbọ̀n lọ nínú ọgọ́rùn-ún, òkúta náà yè. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ wábi gbé.

Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀. Kì í pariwo, kì í bínú. Ì bá tiẹ̀ sàn kó máa bínú. Gbólóhùn kan péré ló mọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì fi ń sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Tún-un-ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́dún náà kì í ṣe kékeré. Ìlú fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí alájà méjì. Ọ̀nà jíjìn ni típà ti ń gbé òkúta wá; bí típà bá bàjẹ́ lọ́nà, àwọn kọ́lékọ́lé á jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn á máa wo ara wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà wá béèrè pé, òkè ràgàjì tó wà lẹ́yìn ilé wọn yìí ńkọ́? Ṣé òkúta ara rẹ̀ kò lè ru ilé ni? Bàbá Apòṣé àti òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń bá a ṣe ló ń fọ́ òkúta níbẹ̀. Òkúta ojú ọ̀nà àti ti ògiri ọgbà ni wọ́n ti ń fọ́ tẹ́lẹ̀. Bí òkúta wọn bá yege, ilé ńlá ni wọn yóò máa gbé e lọ báyìí. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti bu òkúta wá sí yàrá àyẹ̀wò: ẹsẹ̀ òkè, ẹ̀gbẹ́ òkè, àti ẹ̀yìn òkè níbi tó ti kọjú sí odò.

Ẹ̀yìn òkè ni ọkàn bàbá rẹ̀ wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, òkúta ẹsẹ̀ òkè yẹn, alágídí ni. Mo lè lu ẹyọ kan láti àárọ̀ dọ̀sán kó máa wò mí lójú. Ṣùgbọ́n tẹ̀yìn òkè ń gbọ́ràn. O gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó là. Bí wọ́n bá lè gbà á lọ́wọ́ wa, ẹ̀yìn mi á sinmi."

Apòṣé wo ẹ̀yìn náà. Ó ti tẹ̀ bí ọwọ́ agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, òkúta ẹsẹ̀ òkè ti yege, ó gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ẹ̀gbẹ́ òkè náà yege, mẹ́tàdínlógún ni tiẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, Apòṣé sì ti tún ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ju iye tó lè kà lọ. Ó ku tẹ̀yìn òkè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn, Tún-un-ṣe so okùn awò rẹ̀ mọ́rùn.

"Mo ń lọ wo afárá kan tó ń sán. Mi ò ní padà lónìí. O ti mọ iṣẹ́ yìí báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta o. Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o kọ."

"Ẹ má ṣèyọnu, Ọ̀gá."

Ó fọ òkúta náà. Ó ṣàkíyèsí pé omi rẹ̀ pọ́n, kò mọ́ bíi ti àwọn yòókù, ó sì pòṣé sí omi náà. Ó gbẹ ẹ́, ó jọ̀ ọ́, ó dà á sínú ife, ó gbé òòlù sókè, ó jẹ́ kó já, títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èjìká ń ro ó. Ó wọn ìyẹ̀fun rẹ̀, ó ṣírò rẹ̀.

Méjìdínlógójì.

Ó tún un ṣírò. Méjìdínlógójì náà ni.

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó sọ fún òṣùwọ̀n. "Kò ṣeé ṣe. Òkè kan náà ni."

Ibi tó jókòó sí tó ń wo nọ́ńbà náà bí ẹni tó ń wo olè ni Ẹlẹ́rìn-ín bá a. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo imú nítorí eruku.

"O ṣì wà níbí? Gbogbo kíláàsì ti dé ṣọ́ọ̀bù wa! Ọ̀gá mi ní ká ya fọ́tò gbogbo wa pọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́rin, oníbàárà ń bọ̀. Ìwọ nìkan ló kù."

"Mi ò tíì parí. Nọ́ńbà yìí ò dáa. Bí mo bá kọ ọ́ báyìí, á ní mo gbá asẹ́, á ní kí n tún un ṣe. Bí mo bá tún un ṣe, ó tún ku méjì."

"Mélòó làwọn tó kù gbà?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́tàdínlógún."

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì yìí! Ọmọ ìyá kan náà ni òkúta wọ̀nyẹn. Kọ mẹ́rìndínlógún kó o jẹ́ ká máa lọ. Ta ló fẹ́ bi òkúta léèrè?"

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọlé sí i lára, ṣùgbọ́n ó wọlé. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀. Ó rò ó pé àṣìṣe lòun ṣe, pé bí òun bá tún un ṣe, mẹ́rìndínlógún náà ló máa fún òun. Kí ló wá dé tí òun ó fi máa pa èjìká òun? Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ sọ́dọ̀. Ó kọ mẹ́rìndínlógún. Ó rò ó díẹ̀, ó kọ mẹ́tàdínlógún sí ìgbà kejì kó má bàa jọra jù. Ó tún kọ mẹ́rìndínlógún sí ìkẹta. Ó wo ìwé náà: ó dùn ún wò. Ó gbé òkúta tó kù nínú àpò, ó dà á sórí ààtàn òkúta tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, níbi tí kò ti sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ tibí àti èyí tó jẹ́ tọ̀hún.

Wọ́n sáré, wọ́n bá fọ́tò náà.

Lọ́jọ́ Ajé, Tún-un-ṣe ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Apòṣé ń dúró de gbólóhùn kan náà. Kò gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà mú kálámù, ó buwọ́ lù ú.

"O ṣe é dáadáa," ó ní. "Ó mọ́ tónítóní. O ti dẹni tó lè dá ṣiṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti ń wá ọ̀rọ̀ ìyìn kan lẹ́nu ọkùnrin yìí. Ó rí i wàyí, kò sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Nílé, ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí ìyá rẹ̀ bá òun ka ìwé àbájáde náà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó òòlù àti ọ̀pá irin kúrò ní ẹsẹ̀ òkè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi la ọ̀nà típà gba ẹ̀yìn òkè, wọ́n gé igi, wọ́n dí kòtò. Apòṣé ń gbé omi lọ fún wọn, ó ń rí bí wọ́n ṣe ń làágùn, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan. Fọ́tò kíláàsì wà nínú àpótí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan tó mú un jáde, ojú ara rẹ̀ nìkan ló rí tí kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó bá dá a padà.

Típà mẹ́jọ ló gbé òkúta ẹ̀yìn òkè lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n fi èyí tó kọ́kọ́ dé pò kọnkéré, wọ́n gbé òpó mẹ́rin dúró. Lẹ́yìn náà ni òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ẹni tó jẹ́ olórí àwọn kọ́lékọ́lé níbẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kọ́lékọ́lé. Bí ahọ́n rẹ bá sì ṣì í pè, tó di kólékólé, o ti sọ ọ́ di olè nìyẹn, òkò ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò náà, Apòṣé gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀, ó sì bá a pẹ̀lú Bàbá Kọ́lékọ́lé níwájú òkìtì òkúta, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti yí wọn ká.

"Ṣé òkúta nìyí àbí bisikíìtì?" Bàbá Kọ́lékọ́lé ń bi í. Ó mú ẹyọ kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ sì já sílẹ̀. "Wò ó! Ọwọ́ arúgbó ni mo fi tẹ̀ ẹ́ o! Ṣé èyí ni kí n gbé abiyamọ lé lórí?"

"Òjò ló pa á," bàbá rẹ̀ ní. "Ẹ jẹ́ kó gbẹ."

"Òjò! Ṣé abẹ́ agboorun ni ilé ìgbẹ̀bí máa wà ni? Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń kọ́lé, ẹnìkan ò sọ fún mi rí pé kí n dúró kí òkúta gbẹ!"

"Ẹ̀yin kọ́lékọ́lé, a mọ̀ yín! Òkúta tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ló wù yín, torí ó ní ohun tí ẹ̀ ń rí níbẹ̀!"

"Kí ni mo ń rí? Tún un sọ kí gbogbo ayé gbọ́!"

"Mi ò tún un sọ! Ìwé wà lọ́wọ́ mi!" Bàbá rẹ̀ fa ìwé àbájáde yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. "Mẹ́rìndínlógún! Mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún! Ẹ kà á!"

"Ìwé tẹ́ ẹ rà."

Bàbá Apòṣé yí ojú ká bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ó sì rí ọmọ rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ.

"Tí mo rà kẹ̀?" ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọmọ mi rèé. Òun fúnra rẹ̀ ló dán an wò. Ẹ bi í. Mo lè jẹ́ òtòṣì, mo lè máà mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí kì í parọ́. Ọmọ mi, sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí sí i. Apòṣé wo ìwé tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó gbé abọ́ sílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì, ó sì lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ ti dẹ́rù ba ọmọ náà. Ṣé ẹ rí i?"

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ó ti gbọ́ òwe yìí nígbà àìmọye, kò fìgbà kan rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ń bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó fẹ́ padà sídìí aáwọ̀ náà. Apòṣé lọ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

"Bàbá, òótọ́ ni Bàbá Kọ́lékọ́lé sọ."

"Wọ́n ti dẹ́rù bà ọ́..."

"Wọn ò dẹ́rù bà mí. Mi ò dán an wò tán. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dán an wò, kò yege. Mo kọ ohun tó wù mí sílẹ̀."

Omi ń ṣàn lọ, ẹnikẹ́ni kò sì rántí pa á. Bàbá rẹ̀ wò ó, ojú rẹ̀ ṣì tutù. Apòṣé ti múra sílẹ̀ de ìgbátí. Ì bá wù ú kó rí ìgbátí náà gbà.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi la ọ̀nà yẹn," bàbá rẹ̀ wí. "Mo sì pe bàbá arúgbó ní alábòsí lójú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀." Ó pa ẹ̀rọ omi. "Dìde. Wọ bàtà rẹ."

Tún-un-ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò nígbà tí wọ́n dé. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

"Mélòó lo rí nígbà àkọ́kọ́ yẹn?"

"Méjìdínlógójì, Ọ̀gá."

"Òkúta náà sọ òótọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí o bi í, o sì bò ó lẹ́nu." Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ ga. "Kí ló dé? Kí ló dé gan-an? Ṣé o rò pé mo fẹ́ràn kí n máa pààrà ọ̀rọ̀ kan náà láti àárọ̀ di alẹ́ ni? Ṣé o rò pé n kò mọ orúkọ tí ẹ ń pè mí?"

Apòṣé sunkún. "Mo rò pé àṣìṣe ni mo ṣe, Ọ̀gá. Mo rò pé ẹ máa ní kí n tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ní kí o tún un ṣe! Méjìdínlógójì lẹ́ẹ̀kejì, méjìdínlógójì lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà yẹn la ó mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe rẹ, òkúta ni. Ìdí tí a fi ń tún nǹkan ṣe nìyẹn. Kì í ṣe ìyà." Ó jókòó, ó sì mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Tìrẹ ò tiẹ̀ lo ogún ọjọ́ kó tó dópin. Dúpẹ́. Ká ní ogún ọdún ló lò, orí àwọn ìkókó ni ìbá wó lé."

Bàbá Apòṣé sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọ̀gá, ẹ dákun. Òkúta yẹn rọrùn láti fọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọ́ òkúta, ó yẹ kí n fura."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́. Òkúta tó bá tètè gbọ́ràn sí òòlù lẹ́nu, ó máa gbọ́ràn sí ẹrù lẹ́nu. Omi odò ti jẹ ẹ́ láti inú. Èmi tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo rí nọ́ńbà tó tò bí eyín ọmọge, mo buwọ́ lù ú láìbéèrè èyí tó kù nínú àpò. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀."

Ó kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìwé àbájáde tòun kò tọ̀nà. Kò fi ẹ̀bi náà sórí akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ìbuwọ́lùwé òun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba àṣẹ ìbuwọ́lùwé lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọkùnrin tí kò fi ẹyọ ìrẹsì mẹ́ta sílẹ̀ rí wá di ẹni tí ẹlòmíràn ń buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀.

Apòṣé fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n fagi lé máàkì rẹ̀, wọ́n ní tó bá di ìsinmi tó ń bọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kàwé ìdánwò nílé, òun yóò ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín wá bá a, kò rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo ní kó o kọ ọ́," ó ní. Apòṣé mi orí. "Ọwọ́ ta ló di kálámù mú?"

Èyí tó le jù ni ti òpó mẹ́rin náà. Àfi kí wọ́n wó wọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n wó wọn, bàbá rẹ̀ sì mú un dání. Bàbá náà kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Kọ́lékọ́lé níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Arúgbó náà ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń kùn sínú, kó tó ní, "Dìde, jàre. Òòlù wà níbẹ̀ yẹn." Apòṣé kó àfọ́kù kọnkéré títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ní gbogbo ibi tí kọnkéré náà ti là, inú òkúta ló ti là, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rí i kedere. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Wọ́n tún gbogbo òkúta òkè náà dán wò, ti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lójú ìgbìmọ̀ àti lójú Bàbá Kọ́lékọ́lé, tó fa àga sídìí ẹ̀rọ, tó sì ń fi ohùn òkè ka iye ìgbà tí òòlù ń já bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí ọ̀kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Apòṣé ló ń gbé òòlù náà. Ti ẹsẹ̀ òkè gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti ẹ̀gbẹ́ òkè gba mẹ́tàdínlógún. Tẹ̀yìn òkè gba méjìdínlógójì, ó gba ogójì, ó gba mọ́kàndínlógójì. Ìgbìmọ̀ fàṣẹ sí òkúta ẹsẹ̀ òkè àti ti ẹ̀gbẹ́ òkè. Wọ́n fi òkúta ńlá dí ọ̀nà ẹ̀yìn òkè tí bàbá rẹ̀ fi òógùn là.

Bàbá rẹ̀ padà sídìí òkúta alágídí rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò sinmi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n da kọnkéré sórí àjà kejì ilé ìgbẹ̀bí náà, ó dúró nísàlẹ̀, ó ń wo ọgbọ̀n ènìyàn tó ń rìn lórí òkúta tí òun fọ́, kò sì sí èyí tó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó fi ọwọ́ kọ́ èjìká ọmọ rẹ̀.

"Mo lè sùn sábẹ́ èyí," ó ní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ tó ń súni kì í tìtorí pé ó ń súni di iṣẹ́ tí kò níláárí. Ẹni tó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé ń jẹ́rìí ni, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí á sì gbé ẹ̀mí wọn lé ẹ̀rí náà. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Bí o kò bá ṣe é, sọ pé o kò ṣe é. Ìtìjú ọjọ́ kan ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ohun tí ojú rẹ kò rí, ẹlòmíràn ni yóò ru ẹrù rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù láyé.